Kẹ̀kẹ́ Tó Gba Ìdọ̀bálẹ̀ Wá Fún Mi

Nígbà tí ọ̀kadà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbòde ní Ìlobù, ọmọ aládùúgbò mi kan gun tirẹ̀ kọjá lára mi lọ́nà Ìfọ́n. Kò sọ̀kalẹ̀ kí àgbà. Ó ta ẹrẹ̀ sí mi láṣọ, ó ní, “Bàbá, ẹ so kẹ̀kẹ́ yín mọ́lẹ̀, ó ti darúgbó.”

Mo ní kí atúnkẹ̀kẹ́ṣe bá mi fi táyà tó fẹ̀, tó léyín bí ọ̀nì, sí kẹ̀kẹ́ náà, kó sì yọ irin tó bo táyà, kí ẹrẹ̀ má baà há síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo dán an wò, díẹ̀ ló kù kó gun igi ọ̀pẹ.

Òjò dé, mo bá ọmọ náà lójú ọ̀nà yẹn kan náà. Ọ̀kadà rẹ̀ ti rì sẹ́rẹ̀. Aṣọ funfun ló wọ̀, ilé àna rẹ̀ ló ń lọ. Mo gun kẹ̀kẹ́ mi kọjá wẹ́rẹ́, mo yí padà, mo dúró.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tì í.”

“O ò tíì kí mi, ọmọ mi.”

Ó wo aṣọ rẹ̀, ó wo ojú mi, ó dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Mo wá ń béèrè àlàáfíà bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀, àwọn àna rẹ̀, títí dórí ewúrẹ́ ilé wọn. Kò sì lè dìde nígbà tí àgbà ṣì ń kí i. Lẹ́yìn náà la jọ ti ọ̀kadà jáde, ó sì kọjú rẹ̀ sílé dípò ilé àna.