Ìdúpẹ́ Tí Bàbá Mi Fi Dọ̀la

Nígbà tí mo ṣì kéré, Morris Heights ní Bronx ni à ń gbé, bàbá mi, ìyá mi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti èmi àbígbẹ̀yìn. Olùkọ́ ni bàbá mi nílé kí a tó wá. Nígbà tí wọ́n dé ibí, iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n rí ṣe. Gbogbo ìrètí wọn wá wà lórí ẹ̀gbọ́n mi. Kò tíì jáde girama tí wọ́n ti ń pè é ní ọ̀jọ̀gbọ́n láàárín àwọn ará ìjọ.

Yunifásítì gbà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n apá wa kò ká owó rẹ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ ṣe ọdún méjì ní community college, ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́dún méjì tí owó rẹ̀ kò wọ́n, kí òun tó kọjá sí yunifásítì. Ìyá mi ní kò burú, díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àmọ́ bí ará ìjọ bá béèrè rẹ̀, bàbá mi á ní ó wà ní yunifásítì, wọn á sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ òtútù.

Ẹ jẹ́ kí n sòótọ́ fún yín, ilé ẹ̀kọ́ náà ṣe é lóore. Ó ń ti ilé lọ, ọbẹ̀ ìyá wa ló ń jẹ. Olùkọ́ ìṣirò wọn mọ̀ ọ́n dunjú, á dúró tì í títí á fi yé e. Abiyamọ wà ní kíláàsì rẹ̀, bàbá tó ti hewú wà níbẹ̀, ẹnìkan kì í fi ẹnìkejì ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyà ibẹ̀ kò sì kéré. Bó bá kúrò ní kíláàsì, ó di ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tajà. Bó bá délé, tábìlì ìdáná ló ti ń kàwé, tí èmi á máa fi ariwo tẹlifíṣọ̀n dí i lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ló já sọ́nà.

Òun parí. Nínú ìjọ wa, ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá gboyè máa ń kó ẹbí jáde lọ́jọ́ Ìsinmi, wọn á jó dé iwájú pẹpẹ, pásítọ̀ á gbàdúrà. Ìyá mi ti lọ aṣọ sílẹ̀ fún wa. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni bàbá mi ní a kò ní jáde. Pásítọ̀ máa ń dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ ọmọ, àwọn sì ti sọ fún gbogbo ayé pé yunifásítì ló wà.

“Ṣe sùúrù,” wọ́n sọ fún un. “Parí ti ọlọ́dún mẹ́rin. Màá jó lọ́jọ́ yẹn títí wọ́n á fi ní kí n lọ jókòó.”

Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣé, Dádì.”

A lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a jókòó, àwọn ẹlòmíràn jó. Mo wo ojú rẹ̀, àánú rẹ̀ ṣe mí.

Nígbà tó dé yunifásítì, wọn kò gba gbogbo kọ́ọ̀sì tó ti yege, ó ní láti tún púpọ̀ ṣe. Ẹnu èyí ló wà tí àrùn rọpárọsẹ̀ fi dá bàbá mi dùbúlẹ̀. Òun ló ń fi ṣíbí fún wọn lóúnjẹ kó tó lọ sí kíláàsì. Wọ́n kú nígbà òtútù, ó ku díẹ̀ kó parí.

Nígbà tó gboyè, ìyá mi ní ká jáde lọ dúpẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi mi orí.

“Mọ́mì, Dádì ló ní àwọn máa jó,” ó ní. “Ta ni kí n wá bá jó?”

A kò ṣe ìdúpẹ́ ọ̀hún títí di òní.

Ayé ti yí padà. Ní ìjọ wa ní Williamsbridge, ní Bronx kan náà, báyìí, gbangba ni wọ́n ń kéde ọmọ tó bá jáde ní community college, gbogbo wa á sì pàtẹ́wọ́. Inú mi máa ń dùn fún wọn, ọkàn mi á sì tún bàjẹ́. Ẹ̀yin òbí, ohun tí ọmọ yín bá gbé wá, ẹ bá a jó o. Bàbá mi kì í ṣe ìkà, wọ́n fẹ́ràn ọmọ wọn ju ara wọn lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi tí a jókòó yẹn, ẹsẹ̀ wọn méjèèjì ṣì dá ṣáṣá.