Kẹ́ẹ̀gì Tó Kù Sẹ́yìn Ilé

Òórùn bẹntiróòlù ni mo fi ń rántí Lalupon lọ́dún tí epo wọ́n yẹn. Ó wà lára aṣọ ibi iṣẹ́ mi, ó wà lára búrẹ́dì tí mo bá rà bọ̀. Gbogbo àwa tí a ní mọ́tò là ń tọ́jú kẹ́ẹ̀gì epo sínú bùútù, tí a ó tì í pa, torí àwọn olè ń fi rọ́bà fa epo inú táńkì lóru. Ìwọ náà ò lè tíì gbàgbé.

Àárọ̀ ọjọ́ tí ìyá mi fẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú n'Ìbàdàn ni mò ń sọ. Dókítà àlejò ni yóò ṣe é, ọjọ́ yẹn nìkan ló sì ní. Àbúrò ọkọ mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù dé, ní òun lòun máa wa ọkọ̀. Kí n tó múra tán, ó ti gbé kẹ́ẹ̀gì mi sílẹ̀ sẹ́yìn ilé!

"Ìyàwó, ìwé tí wọ́n fún wa nípa ọkọ̀ wíwa nílẹ̀ òkèèrè ní ká má gbé epo sí bùútù. Ó lè gbiná. A ó rà á lọ́nà."

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, epo ò sí lọ́nà o. Táńkì yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ."

"Fọkàn balẹ̀ jàre."

Mo dàgbà jù ú lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ó ti wà nílé kí wọ́n tó gbé mi wọlé, nítorí náà ọkọ mi ni, "ẹ" ni mò ń pè é. Mo di ìyá mi lọ́wọ́ mú, a wọkọ̀.

Ó so bẹ́líìtì, ó ń rọra wakọ̀ bí ẹni tó ru ẹyin. Gbogbo ilé epo tí a kọjá, okùn ni wọ́n ta dí ẹnu ọ̀nà. A ò tíì dé Olódò tí ọkọ̀ fi kú. Bọ́ọ̀sì tó bá kọjá, èèyàn ti so rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìyá mi jókòó sínú oòrùn, ó ń fi etí ìborùn nu ojú tó ń ṣomi. Ni mo bá figbe ta: "Ta ló ní kẹ́ ẹ fọwọ́ kan kẹ́ẹ̀gì mi?"

Ìyá mi fà mí láṣọ. "Má pariwo mọ́ ọkọ ẹ."

O ò rí nǹkan! Ìgbà tí a ó fi débẹ̀, dókítà ti palẹ̀ mọ́, ó ti lọ. Ojú yẹn fọ́ kí a tó rí dókítà mìíràn.

Mi ò sọ pé ìwé yẹn parọ́. Níbi tí ilé epo bá ti ń ṣí, ìmọ̀ràn gidi ni. Àwa tí wọ́n ń wa epo nílẹ̀ wa, tí a tún ń tọ́jú ẹ̀kún kẹ́ẹ̀gì kan bí oògùn, ta ló kọ ìwé tiwa? Inú ń bí mi dòní. Bọ̀dá ti bẹ̀ mí, mo sì ti gbà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi tó kẹ́ẹ̀gì yẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀yìn ilé ló wà, mo dúró tì í, mò ń pe ọmọdé ní "ẹ". Ojú ìyá mi ni mo fi bọ̀wọ̀ fún un.