Bàbá Mi Kò Mọ Owó Iṣẹ́ Í Pè

Bàbá mi ń tún ẹ̀rọ omi ṣe láti ilé dé ilé. Iṣẹ́ kì í tì í, owó pípè ló máa ń tì í. Kí oníbàárà tó ná an, á ti dín in kù.

Ẹnu sípánà rẹ̀ ti jẹ, ó sì nílò owó pípé láti ra tuntun. Ìyá mi kìlọ̀ fún un pé, “Olówó orí mi, ẹ pe ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ, kí ẹ panu dé. Páìpù ló ń jò, kí ẹnu yín má jò.”

Mo tẹ̀ lé bàbá mi lọ sílé màmá àgbàlagbà kan tí páìpù rẹ̀ ń jò.

“Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ni, mà,” ni bàbá mi wí, ó sì dákẹ́ bí ẹni tó bu omi sẹ́nu.

Màmá náà rọra wá awò ojú rẹ̀. Òógùn bo bàbá mi.

“Ó dáa, ẹ máa ṣe é,” ni màmá náà wí.

“Ẹ mú ẹgbẹ̀rún márùn-ún wá, mà!”

Màmá náà yíjú sí mi. “Ọmọ mi, ṣé bó ṣe máa ń ṣe nìyí?”

Lójú ọ̀nà ilé, bàbá mi bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ìyá mi. Mo gbà. Ṣùgbọ́n kí n tó bọ́ bàtà, mo gbọ́ ohùn bàbá mi nínú ilé: “Ìyá ọmọ mi, mo tún ti dín in kù o!”