Ọjọ́ tí Ògbufọ̀ Ṣọ́ọ̀ṣì Wa Dákẹ́

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí òyìnbó ń ṣe ìjọba lé wa lórí, bàbá mi ni ògbufọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa létí ọ̀sà Àgbádárìgì. Bí olùkàwé bá ka ẹsẹ Bíbélì kan ní Yorùbá, bàbá mi á sọ ọ́ ní Ègùn fún àwọn àgbà tí kò gbọ́ èdè míì. Ohùn rẹ̀ dùn débi pé ẹ ó rò pé òun gan-an ló ni ọ̀rọ̀ náà.

Ṣùgbọ́n gbogbo abúlé mọ ohun kan. Nígbà tí bàbá bàbá mi kú, ó fi àwọ̀n ńlá kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Bàbá mi nìkan ló kó o sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá di ẹni tó ń tún àwọ̀n àwọn ẹlòmíràn ṣe kó tó jẹun, kò sì wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹja àwọ̀n yẹn ló tọ́ mi dàgbà. Mo ń jẹ ẹ́, mo sì máa ń yíjú sápá kan bí mo bá ń kọjá níwájú ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi.

Lọ́jọ́ Ìkórè kan, mo ru apẹ̀rẹ̀ ẹja yíyan wa wọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbé e síwájú pẹpẹ. Olùkàwé ṣí ìwé Mátíù. Ó kà á pé bí ènìyàn bá mú ọrẹ wá, tó sì rántí pé arákùnrin òun ń bínú sí òun, kó fi ọrẹ náà sílẹ̀, kó kọ́kọ́ lọ bá a làjà.

A ń retí Ègùn. Ègùn ò wá. Bàbá mi ń wo apẹ̀rẹ̀ ẹja.

Ìyá arúgbó kan níwájú ké ní Ègùn pé, "Ògbufọ̀, ṣé eegun ẹja há ọ lọ́fun ni? Kí ni Ìwé wí?"

Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín.

Bàbá mi ní, "Ìyá, ó ní kí n lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀rín dá. Ó jáde, mo sì tẹ̀ lé e.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó lábẹ́ igi àgbọn, àwọ̀n aláwọ̀n lórí itan rẹ̀. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ nínú iyanrìn pẹ̀lú aṣọ funfun.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Àlùfáà ló rán ọ?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n mi. Ìwé ni."

"Ìwé tó ti wà lẹ́nu rẹ látọjọ́ yìí? Òní lo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ?"

"Ẹ dárí jì mí. Àwọn ẹlòmíràn ni mo ń sọ ọ́ fún."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi abẹ́rẹ́ àwọ̀n sílẹ̀. "Àwọ̀n bàbá wa ńkọ́?"

"Ó wà nílé. Ẹ wá gbé e. Ẹ kàn jẹ́ kí n máa bá yín fà á."

"Dìde jàre. O ti ba aṣọ rẹ jẹ́."

Nígbà tí àwọn méjèèjì wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ìjọ ṣì ń kọrin, ohùn wọn ti há. Bàbá mi wá sọ ẹsẹ náà ní Ègùn. Ohùn rẹ̀ ò dùn rárá lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ.

Ayé ti yí padà. Kálukú ń ka Bíbélì tirẹ̀ lórí fóònù, ẹnikẹ́ni ò nílò ògbufọ̀ mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n mọ̀wé. Ṣùgbọ́n mo ní àbúrò kan ní Gbaji, tí mo fi ọ̀rọ̀ burúkú lé jáde nílé mi, mo sì ti ka ẹsẹ yẹn kọjá láìmọye ìgbà. Ìyá arúgbó ìjọ́sí ti sùn nínú Olúwa. Kò sẹ́ni tó máa ké mọ́ mi pé, kí ni Ìwé wí?

Láàárọ̀ yìí, bí mo ti ń sọ ìtàn yìí fún yín, mo bi ara mi ní ìbéèrè náà. Ẹ bá mi mú bàtà mi wá.