Ilẹ̀kùn Tí Mo Gbé Bọ̀ Láti Iléṣà Fún Ìyá Mi

A ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsùbá tán ni mo jáde nílé wa l'Óṣogbo, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa. Bàbá wa ti kú, ìyá mi sì wà nínú opó. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni yóò fi gbélé, kò ní fi lọ́fínńdà sára, kò sì ní máa bá àlejò ọkùnrin jókòó. Iyàrá iwájú tí ọkọ rẹ̀ kọ́ fún un ló wà. Tó bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ooru á mú un, ikọ́ á bẹ̀rẹ̀. Tó bá ṣí i, gbogbo ẹni tó ń kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń wò ó.

Ilẹ̀kùn lúfà onígi ni mo ń lọ wá fún un, èyí tí wọ́n to pákó pẹlẹbẹ sí láàárín rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ kó fì sísàlẹ̀, tí atẹ́gùn fi ń gba ibẹ̀ kọjá tí ojú ò sì ráyè. Àwọn káfíńtà àdúgbò wa láwọn ò ṣe é mọ́, kí n lọ ra onírin. Aládùúgbò wa kan ló ní mo lè rí i n'Íléṣà.

Àbúrò bàbá wa, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré, ló fi téèpù wọn ẹnu ọ̀nà náà fún mi. "Lọ, ọmọ mi," ló wí. "Má kánjú. Wo igi náà dáadáa, kí wọ́n má lọ ta èyí tí kòkòrò ti jẹ fún ọ." Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Ìdúpẹ́ yẹn ṣì ń dùn mí dòní.

Ìyá mi ṣàdúrà fún mi láti orí ẹní. Sálúbàtà aláwọ tí bàbá wa máa ń wọ̀ lọ kí Jímọ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti nù ún mọ́. A ò tíì pín ẹrù olóògbé.

Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni awakọ̀ gbà, ó sì kó àwa mẹ́rin sẹ́yìn ọkọ̀. Bí a ṣe jáde nígboro ni kòtò bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sá kòkó sí etí títì, òórùn rẹ̀ sì kún inú ọkọ̀.

"Àǹtí, ilẹ̀kùn lẹ ń lọ rà?" awakọ̀ bi mí. "Ṣé wọn ò tilẹ̀kùn l'Óṣogbo ni?"

"Ẹ máa wo kòtò tó wà níwájú yín," mo dá a lóhùn.

Bàbá arúgbó kan ni káfíńtà tí mo bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ sọ́mìlì n'Íléṣà. Ó kọ́kọ́ fa ilẹ̀kùn arère kan síta fún mi, ó ti kùn ún tó ń dán. Mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn, èékánná wọlé. Mo ní rárá. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ gbé ti ìrókò wá.

"Ugi rèé," ó wí. Ugi ni àwọn Ìjẹ̀ṣà ń pe igi. "Ṣé kí n kun fánìṣì sí i?"

Mo ní òórùn fánìṣì á dá ikọ́ sí ìyá mi lára, kó fi òróró nìkan pa á. Ó gbà. Ó fi sáńpépà ha àárín pákó kọ̀ọ̀kan, ó fi àkísà pa òróró sí i, ó sì sá a sóòrùn. Mo jẹ iyán ní ìsọ̀ kejì kó tó gbẹ. Iyán Ìjẹ̀ṣà ò ní kókó rárá. Tiwa l'Óṣogbo, ká má parọ́, díẹ̀ máa ń ṣẹ́ kù síbẹ̀.

Kí n tó sanwó, mo ní kí bàbá náà jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, èmi dúró níwájú rẹ̀. Pákó nìkan ni mò ń rí.

"Bàbá, kí lẹ̀yin ń rí?"

"Bàtà rẹ. Ó ti fẹ́ já."

Inú mi dùn. Irú rẹ̀ gan-an ni mo fẹ́. A dè é mọ́ orí ọkọ̀, gbogbo ọ̀nà ni mo sì ń yọjú wò ó.

Kí ìrun àsárì tó kọjá ni mo délé. Wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù dí ẹnu ọ̀nà iyàrá ìyá mi pa. Wọ́n ti wó ògiri rẹ̀ tó kọjú sí títì, ó ti di ṣọ́ọ̀bù.

"Bàbá Kékeré ló gbé iṣẹ́ fún wa," ni bíríkìlà sọ. "Wọ́n ní kó parí kẹ́ ẹ tó dé."

Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, ni mo ti bá ìyá mi lórí ẹní, ẹrù rẹ̀ wà nínú àpò sìmẹ́ǹtì. Mo bi í pé kí ló dé tí kò pariwo.

"Kí n wá sáré síta bá ọkùnrin jà nínú opó?" ó wí.

Mo sunkún, inú sì bí mi. Ìrìn àjò náà kọ́ mi láti mọ igi tó gbó yàtọ̀ sí tútù. Ti ènìyàn, ilé ni mo ti kọ́ ọ. N kò tún rí ibi gbé ilẹ̀kùn náà kọ́ mọ́. Mo gbé e dúró sí ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, mo fi búlọ́ọ̀kù tó ṣẹ́ kù tì í lẹ́sẹ̀, ìyá mi sì jókòó sẹ́yìn rẹ̀.

Kò pẹ́ tí Bàbá Kékeré fi dé, ó wá dúró níwájú rẹ̀. Kó tó la ẹnu, ìyá mi kí i.

"Bàbá Kékeré, ẹ káàbọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ń rí mi ni? Èmi ò rí yín o."

"Ẹsẹ̀ yín nìkan ni mò ń rí," ìyá mi wí. "Sálúbàtà ọkọ mi lẹ wọ̀."

Ó yí padà, ó sì wọ̀ ọ́ lọ.