Kásẹ́ẹ̀tì Mẹ́sàn-án Lókè Iná

Ó ti rẹ̀ mí, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí. Èmi Moríkẹ́ ni mo ba iṣẹ́ ọkọ mi jẹ́. Ẹ má di ẹ̀bi rẹ̀ ru omi.

Lawrence lorúkọ ọkọ mi, bàbá Ṣìkẹ́mi. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi tọ́jú jẹnẹrétọ̀ fún ilé iṣẹ́ àwọn elépo rọ̀bì níhìn-ín ní Molutehin, létí òkun. Ariwo yẹn jẹ ẹ́ létí díẹ̀díẹ̀. Síbẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, òun nìkan ló mọ dùùrù tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Lọ́dún 1996, dókítà sọ fún un pé kí ọdún tó parí, etí méjèèjì á di. Kò sunkún. Ó ra kásẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án, ó ní òun á gba ohùn dùùrù sílẹ̀ fún Ṣìkẹ́mi, ọmọ wa tó ń ṣe tíṣà ní Ugbonla, kí ó lè fi kọ́ ọ, kí ó sì bọ́ sípò òun.

Oṣù mẹ́rin ló fi ṣe é. Èyí tó fẹ́ràn jù ni àwọn tó ń pè ní sẹ́fẹ́ǹtì: ìka mẹ́rin á tẹ ohùn mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, á sì dúró bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí kò tíì sọ ọ́. Á wá sọ sínú rẹ́kọ́dà pé, "Ṣìkẹ́mi, èyí kò tíì délé. Má kánjú." Ó gba ohùn ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi Kọ́lájọ aládùúgbò wa sílẹ̀ náà, ó gba òjò orí páànù, àní ó gba ohùn èmi níbi tí mo ti ń bá oníbàárà edé jà. Ó ní gbogbo ohun tó ń dún ló ní ipò tirẹ̀ lórí dùùrù. Mo ní ṣé kò sí iṣẹ́ míì lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Nígbà tó di oṣù Ògún, òkun ru, omi wọlé dé orúnkún. Lọ́dọ̀ tiwa, ohun tí a kò bá fẹ́ kí omi gbé, orí àjà tó wà lókè iná tí a fi ń yan ẹja là ń gbé e sí. Ibẹ̀ nìwé ìrìbọmi wa wà, ibẹ̀ nìyá mi ń kó nǹkan sí. Bàbá Ṣìkẹ́mi ti lọ bá àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì gbé dùùrù kúrò nínú omi, èmi kó kásẹ́ẹ̀tì sórí àjà. Omi fà, mo dáná, mo yan ẹja fún ọjọ́ mẹ́ta, mi ò rántí wọn. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Èmi fi iṣẹ́ ọkọ mi sórí iná, mo sùn. Ìgbà tí mo gòkè, wọ́n ti yọ́ lẹ̀ mọ́ra.

Kò bú mi. Ì bá bú mi, ara ì bá tù mí.

Kí Kérésì tó dé, etí ti di pátá. Ṣìkẹ́mi ra kásẹ́ẹ̀tì tuntun wá, ó kọ ọ́ sínú ìwé fún un pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe." Àwa mẹ́ta lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìka ọkọ mi kò gbàgbé ohunkóhun. Ṣùgbọ́n omi òkun ti jẹ inú dùùrù. Ohùn mẹ́rin ló tẹ̀, mẹ́ta ló dún. Ó tẹ òmíràn, méjì ló dún. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo ọmọ mi.

Ó sún ẹnu mọ́ rẹ́kọ́dà, ó ń pariwo bí ẹni tí kò gbọ́ ara rẹ̀: "Ṣìkẹ́mi, fetí sí i dáadáa. Bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyí."

Ó yíjú sí wa. "Ṣé ó wọlé?"

Ṣìkẹ́mi mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Èmi náà mi orí. Ó yí kásẹ́ẹ̀tì sí ojú kejì, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.