Ẹyin Ọjọ́bọ̀

Nínú gbogbo ìlú tí ìyá mi kò dé rí, Àbújá ló fẹ́ràn jù. Bí ẹnikẹ́ni bá bú Àbújá lójú rẹ̀, yóò ní kí onítọ̀hún rọra. Ohun tó fà á ni pé Àbújá ló fún un ní iṣẹ́ tó dùn mọ́ ọn jù láyé rẹ̀, iṣẹ́ oúnjẹ sísè fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan létí ọ̀sà, ní Àgbádárìgì níbí.

Aṣọ ló ń tà tẹ́lẹ̀, èyí tó ń rà ní ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, ọjà náà sì ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí ètò ìjọba àpapọ̀ yìí dé, wọ́n pe àwọn obìnrin jọ, wọ́n ṣe àyẹ̀wò ara fún wọn, wọ́n sì kọ́ wọn bí a ṣe ń fọ ọwọ́. Ìyá mi, tó ti ń ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́ láti kékeré, fi sùúrù jókòó kí wọ́n kọ́ ọ bí a ṣe ń fọ ọwọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, wọ́n gbé ìwé náà lọ sí Àbújá.

Kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ló fẹ́ kó gba iṣẹ́ náà. Ó wá sílé wa, ó mu omi, ó béèrè àlàáfíà gbogbo wa, ó wá ṣàlàyé pé irú ètò báyìí, ìjọba ìbílẹ̀ ló yẹ kó wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ìyá mi ní òótọ́ ni. Ó sin ín dé ẹnu ọ̀nà, ó sì padà wá bá mi.

“Ẹni tí kò mọ̀ mí rí kò lè bá mi ṣọ̀tá,” ló wí. “Jẹ́ kó wà ní Àbújá níbẹ̀.”

Kánsẹ́lọ̀ sáré kiri títí, orúkọ náà kò yọ. Kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ní Àgbádárìgì tó gùn débi tí ìwé náà wà.

Èmi nígbà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni. Mò ń wá iṣẹ́, iṣẹ́ kò sì wá mi, nítorí náà mo ń bá ìyá mi ka ìwé, mo sì ń bá a bu oúnjẹ. Èmi ni mo ka ìwé oúnjẹ tí wọ́n fi ránṣẹ́ fún un, èmi ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìdáná: ẹ̀wà lọ́jọ́ Ajé, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé Ọjọ́bọ̀, tó jẹ́ ìrẹsì àti ẹyin. Kò pẹ́ tó fi mọ̀ ọ́n sórí bíi Fátíà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kan, wọ́n mú ọmọbìnrin kan wá sí kíláàsì kìíní láti abúlé kan ní òdìkejì ọ̀sà. Kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, Ègùn nìkan ló sì gbọ́. Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n gbé ìrẹsì síwájú rẹ̀, ẹyin wà lórí rẹ̀, ó káwọ́ sórí itan, kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Olùkọ́ rẹ̀ ní agídí ni. Ọ̀sẹ̀ kejì, bákan náà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìyá mi fi ṣíbí sílẹ̀, ó lóṣòó ti ọmọ náà, ó sì fi Ègùn bá a sọ̀rọ̀. Inú ọjà Àgbádárìgì ni wọ́n bí ìyá mi sí, ó gbọ́ Ègùn dáadáa. Èmi ni kò gbọ́ ju ìkíni lọ.

Ìran wọn kì í jẹ ẹyin. Èèwọ̀ ni. Ìrẹsì tí ẹyin bá sì ti kàn, kò ṣeé jẹ mọ́. Ọjọ́bọ̀ mẹ́ta ni ọmọ yẹn ti ń fi ebi lọ sílé, kò sunkún, kò sì fi sun ẹnikẹ́ni.

Ó dun ìyá mi gan-an. Kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní òun ń pe ara òun ní alásè, ebi wá ń pa ọmọ níwájú ìkòkò òun.

Ọgbọ́n tó dá kò le. Obìnrin kan wà létí èbúté tó ń yan ẹja. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, yóò fún ìyá mi ní ẹja yíyan kan fún ọmọ náà. Tí ìyá mi bá ń lọ sílé, yóò gbé ẹyin tó jẹ́ ti ọmọ náà fún ẹlẹ́ja náà. Mo sọ fún ìyá mi pé ìwé kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹni tó kọ ìwé kò rí ojú ọmọ náà.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan ni alábẹ̀wò dé láti Àbújá láìròtẹ́lẹ̀. Obìnrin gíga kan ni, iyanrìn ti kún inú bàtà rẹ̀, ó sì hàn lójú rẹ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń sọ. Kánsẹ́lọ̀ ló mú un wá, ó ń rìn lẹ́yìn rẹ̀ bí onílé tó ń fi àlejò mọ̀nà. Obìnrin náà tọ́ ọbẹ̀ wò, ó ní ó dára. Ó wo ìwé ara ògiri, ó mi orí pé ó tẹ́ òun lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ló ní kí ìyá mi ṣí báàgì rẹ̀, pé bẹ́ẹ̀ ni òun ń ṣe níbi gbogbo. Tẹ̀súbáà wà níbẹ̀, ìbòrí wà níbẹ̀, ẹyin bíbọ̀ kan tí wọ́n fi ọ̀rá wé náà sì wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ náà lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn dá mi lójú, ṣùgbọ́n orúkọ ìyá mi ló ń bà mí lẹ́rù jù. Nílùú tí gbogbo ènìyàn ti mọra yìí, bí wọ́n bá pe ènìyàn ní ẹni tó ń jí oúnjẹ ọmọdé, ọmọ-ọmọ rẹ̀ yóò gbọ́ ọ lọ́jà.

Mo sáré ṣàlàyé ní Gẹ̀ẹ́sì. Obìnrin náà tẹ́tí sí mi dáadáa, ó wá ní ọmọ alásè ni mí. Ó ní kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ wá sọ̀rọ̀, kí ẹni tí kì í ṣe ẹbí wa, tí kò sì ń ṣiṣẹ́ nílé ẹ̀kọ́ náà, bá òun túmọ̀ rẹ̀. Nínú gbogbo wa tó wà níbẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo tó gbọ́ Ègùn ló bá èyí mu. Kánsẹ́lọ̀ ni.

Wọ́n pe ọmọ náà, epo ẹja ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kánsẹ́lọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bi í léèrè. Ọmọ náà sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó nàka sí ìyá mi, ó nàka sí àwo. Kánsẹ́lọ̀ dìde, ó fi áńkáṣíìfù nu ojú. Kò sí ohun tó rọrùn fún un tó irọ́ ní àkókò yẹn. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ṣì wà nílé láìníṣẹ́.

“Ọmọ yìí ní wọn kì í jẹ ẹyin nílé àwọn,” ló wí. “Ó ní ìyá yìí ló ń fún òun ní ẹja kí ebi má pa òun. Òótọ́ ló sọ, màdáámù. Ìran ìyá tó bí mi náà kì í jẹ ẹ́. Kò sẹ́ni tó bi wá léèrè kí wọ́n tó kọ ìwé yẹn.”

Ìyá mi bú sẹ́kún. Obìnrin náà wo ìwé ọwọ́ rẹ̀ látòkè délẹ̀, ó ń wá ibi tí òun lè kọ ọ̀rọ̀ náà sí, kò rí i. Ó yí ìwé náà dé, ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn, ó sì pẹ́ lórí rẹ̀. Nígbà tó parí, ó dá ẹyin padà fún ìyá mi, ó ní kí n sọ fún un kó tètè lọ fún ẹlẹ́ja kó tó bàjẹ́. Títí di òní, mo ṣì ń ṣàdúrà fún obìnrin yẹn.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, kánsẹ́lọ̀ sún mọ́ ìyá mi. “Ẹ má bínú o, Ìyá. Mo ṣì fẹ́ kí àbúrò ìyàwó mi rí iṣẹ́ yìí.”

Ìyá mi nu ojú. “Kó wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀,” ló dá a lóhùn. “Ẹyin tí a máa bó pọ̀.”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, èmi náà sì bá wọn rín in.

Ní sáà tó tẹ̀ lé e, ìwé oúnjẹ tuntun dé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́bọ̀, ìrẹsì àti ẹyin. Ìyá mi ní bóyá wọn ò yí ìwé obìnrin yẹn wo ẹ̀yìn. Ó ń bá pàṣípààrọ̀ rẹ̀ lọ títí ètò náà fi dúró nílé ẹ̀kọ́ wa.

Mo ti gbìyànjú láti gbè sẹ́yìn ẹnì kan nínú ọ̀rọ̀ yìí, n kò rí i ṣe. Ká ní ọwọ́ ìbílẹ̀ ni ètò náà wà, ìyá mi kò ní fojú kan ìkòkò. Àbúrò ìyàwó kánsẹ́lọ̀ sì gbọ́ Ègùn ju ìyá mi lọ. Ó ṣeé ṣe kó ti mọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́. Ó tún ṣeé ṣe kó mọ̀, kó má sì bìkítà.

Èmi náà ti ríṣẹ́ báyìí, ìjọba ìbílẹ̀ ni mò ń bá ṣe é. Ní àìpẹ́ yìí, wọ́n tún gbé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ dìde ní ọ́fíìsì wa, pé ó tó àkókò kí Àbújá fi í sílẹ̀ fún wa. Gbogbo wọn ló ń pariwo pé àwa la sún mọ́ àwọn ọmọ, àwa la mọ̀ wọ́n. Ilé ẹ̀kọ́ kan wà lẹ́yìn ọ́fíìsì wa, a máa ń gbọ́ orin wọn láàárọ̀. Mo bi wọ́n léèrè ọmọ wo níbẹ̀ ni kì í jẹ ẹyin.

Ọ̀gá wa, tó mọ ìtàn ìyá mi, rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí èmi ọmọ alásè sọ fún wọn.

Ọdún kẹrin mi rèé ní ọ́fíìsì náà. N kò tíì fẹsẹ̀ kan ọgbà ilé ẹ̀kọ́ yẹn rí.